Ìgbésí Ayé Nicholas Ferrar ti Little Gidding, Ẹni Tí Ó Ṣí Ilẹ̀kùn Ilé Àdúrà, Tí Ó Sì Kó Ẹnu Ará Ilé Rẹ̀ Ní Ìjánu

 Nínú irú ìwé ìrántí báyìí, ó yẹ kí á yin àwọn ẹni ìṣáájú, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ipasẹ̀ tí wọn yóò tọ̀. Ìtàn àwọn baba àti ìyá wa tí ó fi ìpìlẹ̀ ìjọ yìí lélẹ̀ wà ní ojú ewé tiwọn. Ní ìhín, a fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹnì kan tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọmọ Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bí tiwa, tí ó sì ti sùn nínú Olúwa láti ọdún 1637. Orúkọ rẹ̀ ni Nicholas Ferrar.

Ìdí tí a fi yàn án ni èyí. Níbikíbi tí àwọn onígbàgbọ́ bá ti ń pé jọ láti gbàdúrà pọ̀, kì í pẹ́ kí ìbéèrè kan tó dìde láàrín wọn: nínú ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ara wa, èwo ni ó tọ́ kí á sọ ní gbangba, èwo sì ni ó yẹ kí á pa mọ́? Obìnrin kan gbé ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ wá sí ìpàdé àdúrà ní alẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọjà. Kò tún jẹ́ yọjú sí ìpàdé mọ́. Ẹgbẹ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn a ti ilẹ̀kùn mọ́ra, tó bẹ́ẹ̀ tí àlùfáà pàápàá kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé. Ìfura a wọ inú ìjọ, ìfura a sì di ìyapa. Ọ̀nà méjèèjì ni ó ti tú ẹgbẹ́ àdúrà ká rí. Nicholas Ferrar gbé inú ilé àdúrà fún ọdún méjìlá, ojú ayé sì wà lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Bí ó ti ṣe é, àti ibi tí ó ti ṣòro fún un, ni a fẹ́ rò fún yín.

A bí Nicholas Ferrar ní ìlú London ní oṣù Fèbúrárì ọdún 1592, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ka ọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Orúkọ kan náà ni baba rẹ̀ ń jẹ́. Oníṣòwò ńlá ni, ọwọ́ rẹ̀ sì tó ẹnu dáadáa. Mary ni orúkọ ìyá rẹ̀, obìnrin olùfọkànsìn tí ó fi Ìwé Mímọ́ tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1605, ọmọ náà wọ Clare Hall ní Yunifásítì Cambridge, nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 13. Ó gba oyè rẹ̀ ní ọdún 1610, a sì gbà á sí ara àwọn ọ̀mọ̀wé ilé náà. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò sì bá a lára mu. Nítorí náà ni ó ṣe bá àwọn tí ó sin Elizabeth, ọmọbìnrin Ọba James Kìíní, lọ sí ilé ọkọ ní ọdún 1613. Ó la Holland àti Jámánì kọjá dé Ítálì, ó kọ́ nípa ìṣègùn ní Padua, ó sì gba Sípéènì padà sílé ní ọdún 1618.

Nígbà tí ó dé, ó bá baba rẹ̀ àti John ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Virginia, èyí tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tí ọba fún ní ìwé àṣẹ láti tẹ ìlú dó ní Amẹ́ríkà. John ni igbákejì olórí Ẹgbẹ́ náà láti ọdún 1619. Nicholas sì gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1622. Nítorí pé òtítọ́ ni a wá sọ, a kò ní fò ohun kan dá. Ní ọdún 1619, lábẹ́ àkóso Ẹgbẹ́ yìí kan náà, ni a gbé àwọn ènìyàn dúdú tí ó lé ní 20, tí a kó láti ìhà Angola, gúnlẹ̀ sí Virginia, tí a sì fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ oúnjẹ. Irú òwò bẹ́ẹ̀ ni ó kó ọmọ ilẹ̀ wa lọ lẹ́yìnwá ọ̀la. Ẹni tí a ń yìn yìí jẹ́ ọmọ ìgbà rẹ̀, bí a bá sì fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ní gbangba, kò yẹ kí á mú adùn sọ kí á fi ìkorò pamọ́.

Ní ọdún 1624, ọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ náà, Ẹgbẹ́ náà sì tú. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, Ferrar ti rí i pé àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ kí ayé mọ ohun tí a ṣe nínú wọn. Ó mú kí a da wọ́n kọ ní ìdákẹ́jẹ́, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, kí akọ̀wé Ẹgbẹ́ sì jẹ́rìí sí i pé àdàkọ náà bá ti àkọ́kọ́ mu. Lẹ́yìn náà ni a fi í pamọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé. Ìwé àkọ́kọ́ ti sọnù láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n àdàkọ náà ṣì wà títí di òní ní ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn. Ọkùnrin tí a ó rí níwájú bí ẹni tí kò fẹ́ràn ariwo, òun kan náà ni kò gbà kí a fi ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn pamọ́ fún wọn. Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀, nítorí náà ó tọ́ kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ní ọdún kan náà, ó wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gẹ́gẹ́ bí aṣojú Lymington. Ọ̀nà ọlá ayé ṣí sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n òun àti ìyá rẹ̀, ẹni tí ó ti di opó láti ọdún 1620, ti pinnu láti fi ìyókù ayé wọn sin Ọlọ́run ní ibi tí ó parọ́rọ́. Ìdílé náà ra ilẹ̀ kan tí a ń pè ní Little Gidding ní àgbègbè Huntingdon. Ní ọdún 1625, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa ènìyàn ní London, wọ́n kó lọ síbẹ̀.

Ibi tí wọ́n dé kò fani mọ́ra. Àwọn ará abúlé ti kó lọ tán láti ọjọ́ pípẹ́. Koríko gbígbẹ fún ẹran ni a kó sínú ilé Ọlọ́run, apá kan rẹ̀ sì ti di ibùsùn ẹlẹ́dẹ̀. Ìyá Ferrar, ẹni tí ó ti lé ní 70 ọdún, kọ̀ láti wọ inú ilé tí a pèsè fún un títí tí ó fi kọ́kọ́ dé ibi ìsìn náà láti gbàdúrà. Lójú ẹsẹ̀ ni ó pe àwọn òṣìṣẹ́ tí a kó wá láti tún ilé ṣe, ó ní kí wọ́n kó ìdọ̀tí kúrò nínú ilé Olúwa ná, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilé ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi Mẹ́talọ́kan ọdún 1626, William Laud, ẹni tí ó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, gbé ọwọ́ lé Nicholas lórí ní Westminster, ó sì di díákónì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ̀ ṣáájú. Olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ ní Cambridge, Augustine Lindsell, ni ó mọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò pa á mọ́ kọjá bí ó ti yẹ. Nígbà tí ó padà délé, ó ka ẹ̀jẹ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún ìyá rẹ̀ létí, pé òun yóò fi ayé òun sin Ọlọ́run, òun yóò sì máa bojú tó ìdílé náà. Ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀, ó sì súre fún un. Nígbà tí ìròyìn tàn kálẹ̀, àwọn ọlọ́lá kan fi ipò àlùfáà ní ìjọ tí owó rẹ̀ pọ̀ lọ̀ ọ́. Ó kọ̀ ọ́. Díákónì ni ó jẹ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ó yẹ kí á wòye ètò tí ó ṣe yìí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà láàrín òun àti Ọlọ́run rẹ̀, ó dákẹ́. Nígbà tí ó di ohun tí yóò kan gbogbo ilé, ó pè wọ́n, ó sì sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ará òde.

Ilé tí ó ń bojú tó kì í ṣe kékeré. Ìdílé John wà níbẹ̀; Susanna, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, wà níbẹ̀ pẹ̀lú John Collett ọkọ rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ọmọ wọn; àwọn olùkọ́ ọmọdé àti ìránṣẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo wọn tó nǹkan bí 30 sí 40. Ní ìgbà mẹ́ta lóòjọ́ ni wọ́n ń tò ní méjì-méjì lọ sí ilé Ọlọ́run láti ka àdúrà gẹ́gẹ́ bí Ìwé Àdúrà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ti là á sílẹ̀. Láfikún, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, àwọn díẹ̀ nínú wọn a pàdé nínú ilé fún ìsìn kúkúrú, wọn a ka Sáàmù àti apá kan nínú Ìhìnrere. A pín in tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo Sáàmù fi ń parí lójúmọ́, tí Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń parí lóṣooṣù.

Ìṣọ́ òru tún wà. Láti agogo mẹ́sàn-án alẹ́ títí di agogo kan òru, ẹni méjì a máa ka Sáàmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yàrá ọkùnrin yàtọ̀, yàrá obìnrin yàtọ̀. Bí agogo kan bá lù, wọn a kan ilẹ̀kùn Nicholas, òun náà a sì dìde láti gbàdúrà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. A kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni sí ìṣọ́ òru yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ni ó ń ṣe é, ẹni tí kò sì ṣe é, a kì í fi ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ láàrín ilé.

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí ó parọ́rọ́ ni wọ́n wá lọ, ilẹ̀kùn wọn kò tì mọ́ aládùúgbò. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọdé láti abúlé tí ó yí wọn ká a wá ka Sáàmù tí wọ́n ti kọ́ sórí. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan a gba kọ́bọ̀ kan, gbogbo wọn a sì jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Ní ọ̀sán, agbo ilé náà a rìn lọ sí ìjọ Steeple Gidding tí ó wà nítòsí, kí wọ́n lè sìn pẹ̀lú àwọn ará ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wọ́n ti ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọ. Àwọn aláìsàn ń wá gba oògùn àti ọbẹ̀ gbígbóná; àwọn ọmọbìnrin Collett ni ó ń wẹ egbò wọn tí wọ́n sì ń dì í. A fi àyè sílẹ̀ fún àwọn opó tí kò ní olùtọ́jú.

Ṣùgbọ́n bí òkìkí ilé àdúrà náà ti ń kàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àlejò ń pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn wá láti gbàdúrà. Àwọn mìíràn wá láti wòran lásán. Ẹlòmíràn a jẹun, a yin gbogbo ohun tí ó rí, bí ó bá sì ti kúrò níbẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Nicholas fi ọ̀ràn yìí lọ George Herbert ọ̀rẹ́ rẹ̀, àlùfáà ìjọ Bemerton. Nípa ìmọ̀ràn rẹ̀ ni a sì fi kọ ọ̀rọ̀ kan sára idẹ, tí a gbé e kọ́ sínú yàrá àlejò ní orúkọ ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ náà pín àlejò sí oríṣi mẹ́rin. Ẹni tí ó bá wá tọ́ka sí àṣìṣe wọn kí wọ́n lè ṣe dáadáa sí i, bí áńgẹ́lì Ọlọ́run ni wọn yóò gbà á. Ẹni tí ó bá fi ayọ̀ bá wọn lọ́wọ́ nínú ohun rere, ọ̀rẹ́ nínú Kristi ni. Ẹni tí ó bá wá dí wọn lọ́wọ́, ẹrù ni lọ́rùn wọn níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà níbẹ̀, yóò sì ru ìdájọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì yìn wọ́n lójú tí ó wá bú wọn lẹ́yìn, ó ti jẹ̀bi ìpọ́nni àti ìbanijẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ti já okùn ọ̀rẹ́ àti ti ìfẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí àlejò má wá. Wọn kò sì kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má bá wọn wí. Abániwí ni wọ́n tilẹ̀ fi ṣáájú. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé kí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn yóò sọ ní ẹ̀yìn wọn má yàtọ̀ sí èyí tí ó sọ ní ojú wọn.

Láàrín ara wọn pẹ̀lú, wọ́n ní ìlànà. Láti ọdún 1631, àwọn kan nínú ìdílé náà bẹ̀rẹ̀ sí pàdé láti pa ìtàn àwọn ẹni àtijọ́ fún ara wọn, kí wọ́n lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nípa ìwà. Nínú ìpàdé yìí wọn kì í pe ara wọn ní orúkọ tí a sọ wọ́n. Ọ̀kan ń jẹ́ Onísùúrù, òmíràn ń jẹ́ Ọlọ́yàyà, òmíràn ń jẹ́ Onífẹ̀ẹ́. Wọ́n lè sọ̀rọ̀ nípa ìbínú, nípa àṣejù, nípa ìbẹ̀rù ikú, láìjẹ́ pé a tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé náà sínú ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ̀ ẹ́ fún títà nígbà ayé wọn.

A kò ní sọ pé gbogbo ará ilé náà ni inú wọn dùn. Bathsheba, aya John, kò fẹ́ irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ rárá, aáwọ̀ sì ti ibẹ̀ wọlé lọ́pọ̀ ìgbà. Inú ilé àdúrà náà ni ènìyàn wà. A sọ èyí kí ẹgbẹ́ àdúrà tí ó bá ní ìjà nínú má baà rò pé òun nìkan ni.

Iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí ó gbé orúkọ wọn dé ọ̀dọ̀ ọba. Láti lè máa ka Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ bí ìtàn kan ṣoṣo, Nicholas kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé náà láti fi ọ̀bẹ àti àlùmọ́gàjí gé ẹsẹ̀ Bíbélì tí a ti tẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ wọ́n ní ẹ̀sọ̀-ẹ̀sọ̀ sí ojú ewé ńlá, pẹ̀lú àwòrán. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń di ìwé náà. Ìlò ilé ni wọ́n fi ṣe. Nígbà tí Ọba Charles Kìíní gbọ́, ó yá a lò, ó sì mú un pẹ́ lọ́wọ́ fún oṣù púpọ̀; ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe ọ̀kan fún òun. Díẹ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ṣì wà ní ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba ní London. Ohun tí a ṣe nínú yàrá fún Ọlọ́run di ohun tí a lè fi han ọba, nítorí pé kò sí àṣírí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ní oṣù Màáṣì ọdún 1633, George Herbert kú. Nígbà tí ó wà lórí ibùsùn àìsàn, ó fi ìwé kékeré kan rán Edmund Duncon sí Nicholas. Orin àti ewì ni ó wà nínú rẹ̀, ìjà ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú Ọlọ́run ni ó sì kọ síbẹ̀. Ó ní bí Nicholas bá rò pé yóò ran ọkàn tí ó rẹ̀wẹ̀sì lọ́wọ́, kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó sun ún níná. Nicholas kà á, kò sì sun ún. Ó mú kí a tẹ̀ ẹ́ ní Cambridge ní ọdún kan náà, a sì ń pè é ní The Temple. Òun ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí ni a rí ìlànà tí ilé náà fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ẹni tí ó ni àṣírí ni ó fúnni ní àyè láti sọ ọ́. Ẹni tí a fi lé lọ́wọ́ kò bèèrè bóyá yóò dùn létí. Ó bèèrè bóyá yóò ran ẹni tí ó wà nínú ìbànújẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó sì tú u sílẹ̀ kò wá ògo lórí rẹ̀. Bí a bá mú ọ̀kan kúrò nínú mẹ́ta yìí, ẹ̀rí di òfófó.

Ní ọdún 1634, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Edward Lenton wá bẹ̀ wọ́n wò. Ó ti gbọ́ pé àwọn arábìnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ bí ti Ìjọ Àgùdà wà níbẹ̀, ó sì bèèrè láìfi bò. Nicholas dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù: àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin méjì ti yàn láti má lọ́kọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ bí ti àwọn Àgùdà. Ó mú un lọ sí ibi ìsìn, ó jẹ́ kí ó rí gbogbo ohun tí ó fẹ́ rí. Lenton kọ ìwé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nípa ohun tí ó rí. Ó fi àwàdà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ wọn.

Ọdún náà gan-an ni ìyá wọn lọ sinmi. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, àìsàn dá Nicholas dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó kú, ó sọ ibi tí kí a gbẹ́ sàréè rẹ̀ sí níwájú ilẹ̀kùn ilé Ọlọ́run. Ó ní kí a kó àwọn agbọ̀n ìwé eré orí ìtàgé àti ìtàn ìfẹ́ tí ó ti fi owó kó jọ ní ìgbà èwe rẹ̀ jáde, kí a sì sun wọ́n lórí ibẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Èéfín náà ga, àwọn ará àgbègbè rí i, wọ́n sì wá wò ó. Láìpẹ́, ọ̀rọ̀ ti gba ìlú pé oṣó ni Ferrar, pé kò lè kú àfi bí ó bá sun ìwé oògùn rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kẹrin oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1637, ní agogo kan, wákàtí tí ó máa ń dìde láti gbàdúrà, ó sùn nínú Olúwa.

Lójú tiwa, ìṣẹ̀lẹ̀ iná yìí yẹ fún àròjinlẹ̀. Ọkùnrin tí ó ti mọ̀ láti ṣàlàyé ara rẹ̀ fún àlejò, iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ ni ó ṣe lójú gbogbo ayé láìsí àlàyé fún aládùúgbò. Bí ojú bá rí èéfín tí etí kò gbọ́ ìdí rẹ̀, ọkàn ènìyàn a dá ìdí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ó bá hàn sí gbangba, ó yẹ kí ìtumọ̀ rẹ̀ hàn pẹ̀lú.

Ohun tí ó burú jù dé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọdún 1641, nígbà tí ìjà ọba àti Ilé Ìgbìmọ̀ ń gbóná, ẹnì kan tí kò fi orúkọ ara rẹ̀ hàn mú ìwé tí Lenton kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó fi èébú kún un, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé pẹlẹbẹ tí a ń pè ní The Arminian Nunnery, láti fi ẹ̀sùn kan ilé náà pé wọ́n ń mú ẹ̀sìn Àgùdà wọlé láti ẹ̀yìn. Lenton fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí John Ferrar pé òun kò mọ ohunkóhun sí i. Ìwé tí a kọ fún ojú ẹnì kan ti di ohun tí gbogbo ìlú ń kà. Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́: nítorí pé Nicholas ti ṣí ilẹ̀kùn fún Lenton ní ọdún 1634, ẹlẹ́rìí kan wà láyé tí ó lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé tí ó ti ilẹ̀kùn pa kì í ní ẹlẹ́rìí.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1646, lẹ́yìn tí Ọba Charles ti pàdánù ogun, ó wá sí Gidding ní òru bí ìsáǹsá. John gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó sùn níbẹ̀. Ó mú un lọ sí ilé kan ní Coppingford, nítorí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ilé Ferrar ni ọ̀rẹ́ ọba. Ilé tí a mọ̀ kò lè jẹ́ ibi ìsápamọ́. Ní ọdún 1657, John àti Susanna lọ sinmi, àpéjọ náà sì dópin. Ilé Ọlọ́run kékeré náà ṣì wà ní Little Gidding títí di òní, Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì sì ń rántí Nicholas Ferrar ní ọjọ́ kẹrin oṣù Disẹ́ńbà lọ́dọọdún.

Ẹ̀yin ará, àwọn àgbà wa ti wí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n a ti rí i nínú ìtàn yìí pé kò tó. Ìgbà tí àdúrà wa yóò wáyé, ìwé tí a ó kà, owó tí a dá, ẹni tí ó ń darí wa, àti ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́, ti gbogbo ìjọ ni. Kí á jẹ́ kí àlùfáà àti àlejò mọ̀ ọ́n, kí á sì fi abániwí ṣáájú oníyìn. Ṣùgbọ́n omijé arábìnrin wa, àìsàn arákùnrin wa, ìjà láàrín tọkọtaya, ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn jẹ́wọ́ pẹ̀lú ìtìjú, ti ẹni tí ó ni ín ni. Bí kò bá fúnni ní àyè, kí á má ṣe sọ ọ́, kódà nínú àdúrà gígùn tí a fi orúkọ bò tí gbogbo ènìyàn sì mọ ẹni tí a ń wí. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí a gbọ́ lè pa ẹnì kan lára tàbí kí ó ṣe ọmọdé ní ibi, kò sí ẹgbẹ́ àdúrà tí ó ní ẹ̀tọ́ láti fi í pamọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè gbà wọ́n ni kí á mú un lọ kíákíá.

Kí Olúwa, ẹni tí ó ń ríran ní ìkọ̀kọ̀, fún ìjọ wa ní ilẹ̀kùn tí ó ṣí àti ahọ́n tí ó mọ ìgbà ìdákẹ́, nínú ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ń bọ̀ yìí, nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.